Ẹ̀wù Irin ní Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Mo rántí ìgbà tí àyà mi ń lù kìkìkì nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Òkè-Ṣopẹn. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí télọ̀ náà bí ló gba gbogbo ọkàn mi. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bàbá òun ò fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé wọ́n máa ń fojú tín-ínrín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí bàbá bá lé mi lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn. Àwọn àgbà ní àyà níní ju oògùn lọ. Mo wọ ṣòkòtò tí mo yá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àgékù aṣọ.

Bàbá ò ní kí n dìde. "Ọmọ yunifásítì, kí ni wọ́n kọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí?"

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá kí i kí n sì dákẹ́. Mo fọhùn láti ilẹ̀: "Tọ́ráàsì, sà. Igbá àyà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀wù irin tí jagunjagun wọn ń wọ̀, sà. Orúkọ ẹ̀wù náà ni wọ́n wá fi ń pe àyà."

Bàbá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹ̀wù ló kọ́kọ́ lórúkọ, kí àyà tó ní tiẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wàláì! Ìyá ilé, ẹ wá gbọ́ o! Télọ̀ ló sọ àyà lórúkọ nílùú àwọn Gíríìkì!"

Mo mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ẹ̀wù irin, kì í ṣe télọ̀. Mo panu mọ́.

Ó fà mí dìde, ó fi téèpù yí mi láyà. "Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré! Ṣé ìyàn mú ní Àgọ́-Ìwòyè ni? Ẹ bu oúnjẹ fún un! Ìwọ, o lè máa wá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán ni o."

Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì débi pé abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi jẹun bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú.

Títí bàbá fi kú, kí Ọlọ́run forí jìn ín, kò sí oníbàárà tí kò ròyìn télọ̀ Gíríìkì fún. N kò sọ fún un rí pé alágbẹ̀dẹ ni.

Mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ egungun tí wọ́n kọ́ wa. Nígbà ọyẹ́, bí ikọ́ bá dé, aya mi, ọmọ télọ̀ náà, á fi òróró lílọ́wọ́ọ́rọ́ ra mí láyà, á ní kí n mí dáadáa. Mo máa ń mí.