Omi Tí Ìyá Fà Sílẹ̀ Dè Mí

Wolé-wolé ni mí. Ẹ má sá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí tó ń yọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onílé. Omi kànga niṣẹ́ tèmi. Ilé tó bá wà nítòsí ààtàn ni mo máa ń lọ, màá bu omi kànga wọn sínú ìgò, màá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ́fíìsì lè mọ̀ bóyá ẹ̀gbin orí ààtàn ti ń jò wọ inú ilẹ̀.

Ààtàn kan wà ní Bàrígà, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ ọ̀sà. Àwọn aláàtàn fẹ́ gbàwé àṣẹ kí wọ́n lè máa da ìdọ̀tí síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ọ́fíìsì ní bí omi kànga tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ bá mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ọ̀gá á buwọ́ lùwé. Inú ọgbà ìyá arúgbó kan, ará Ìlàjẹ, ni kànga ọ̀hún wà. Ọkọ wọn, apẹja tó ti dolóògbé, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìyá yìí. Ìyá tó bí mi ti kú, ó sì ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí ní ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ́fíìsì ti ránṣẹ́ sí wọn pé mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Pẹ́dírò, oòrùn sì ti fojú mi rí màbo. Ìyá bu omi sí ife, wọ́n tọ́ ọ wò lójú mi bí a ti ń ṣe fún àlejò, wọ́n gbé e fún mi. Bí mo ṣe nawọ́ sí okùn kànga báyìí, wọ́n ké sí mi.

"Háà, wolé-wolé mi! Ọwọ́ múlọ́múlọ́ yẹn lo fẹ́ fi fa omi? Mo ti fà á sílẹ̀ dè ọ́."

Lóòótọ́, korobá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ọwọ́ ara mi ni kí n fi fà á. Ṣùgbọ́n ta ni màá kọ̀ fún? Mo bù ú sínú ìgò. Àyẹ̀wò ní omi náà mọ́. Lóṣù kejì, bákan náà.

Lóṣù kẹta, mo fẹ́ lọ kí àbúrò mi ní Ọbáníkòró lọ́jọ́ tí mo dá fún Ìyá, ni mo bá kúkú lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú. Wọn ò sí nílé. Mo fa omi fúnra mi. Yéè! Omi tó pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì, tó ń rùn bí orí ààtàn gan-an. Mo ṣì di okùn mú nígbà tí Ìyá wọlé, kẹ́ẹ̀gì omi lórí wọn. Omi tí wọ́n lọ rà sílẹ̀ de ọjọ́ kejì, de èmi.

Iná jó mi dé orí. "Ìyá, ẹ ti bá tèmi jẹ́! Omi rírà ni mò ń gbé lọ fún ọ́fíìsì? Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí wọ́n buwọ́ lùwé fún àwọn aláàtàn!"

Wọ́n rọra sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Kí ni kí n ṣe, ọmọ mi? Kí n gbé omi rírùn síwájú àlejò? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ń kọ́? Èwo lẹ̀ ń mu?"

Wọ́n wo kànga. "Èmi? Mo máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Kẹ́ẹ̀gì kan ò lè tó èmi àtìwọ."

Mo sunkún, mi ò tijú. Omi díẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ wò nínú ife tèmi yẹn nìkan ni omi tó mọ́ tó ń kan ọ̀fun wọn.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì: pé omi ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni omi kànga, pé mi ò fa ti ìṣáájú fúnra mi. Àwọn aláàtàn na ìwé àyẹ̀wò méjì àkọ́kọ́ síta, wọ́n ní ṣebí ọ́fíìsì wa náà ló kọ ọ́. Ọ̀gá mi jágbe mọ́ mi títí, ó ní kí n wá ṣàlàyé ara mi. Àfọwọ́fà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò buwọ́ lùwé.

Òfin tún ní kànga tí omi rẹ̀ bá bàjẹ́, kí a dé e, kí a fi ọ̀dà pupa kùn ún. Èmi náà ni wọ́n rán. Ìyá gbọ́wọ́ lé etí kànga. "Bàbá, ẹ ṣeun o," ni wọ́n sọ fún ọkọ wọn tó ti lọ, "ẹ sinmi." Mo dé e, mo sì kùn ún.

Nígbà tí mo parí, mo lọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì tí mo pọn ní kànga àdúgbò wa wọlé. Mo bu omi sí ife, mo tọ́ ọ wò, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ìyá wo omi, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé ìwọ lo fà á fúnra rẹ?"

"Èmi ni mo fà á, mà."

Wọ́n gbé ife sẹ́nu, wọ́n mu ún tán.