Ẹ̀rù Ìbọn Kọ́ Ló Ń Ṣe Ràfíátù

Ẹ̀kọ ni mo ń fún Ràfíátù jẹ lẹ́nu ọ̀nà, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn agbébọn gun ọ̀kadà wọ abúlé wa. Ọmọ ọdún méjì, ó ń bá mi ja ìjà ṣíbí. Mo gbé e pọ̀n, mo sá. Ọta ìbọn ba ògiri ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù fò, ó gún ọmọ lórí. Ìgbà tí ẹ̀yìn mi tutù fún ẹ̀jẹ̀ ni mo tó mọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Minna, tí ẹ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ o. Inú oko àgbàdo lèmi, ọkọ mi àtàwọn ará abúlé sá pa mọ́ sí, àgbàdo tútù la jẹ láìsè. Ìborùn mi ni mo fi di orí ọmọ. Ọkọ̀ tó kó iṣu ló gbé wa dé Bosso ní Minna níbí, ilé Àáfà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú.

Ọgbẹ́ náà kéré, ó sì tètè gbẹ. Inú wa dùn. Àfi bí ara ọmọ ṣe gbóná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ tó bá wa sá ló ń ké.

Àáfà ní, "Ìyá Ràfí, ẹ̀rù ìbọn ni." Ó kọ hàǹtú Kùránì sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kí n fún un mu. Àwọn ọmọ yòókù ti mu ún, ara wọn ti balẹ̀. Ràfíátù bì í jáde.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Ọkọ mi ní, "Jókòó jàre, o ń já wa láyà."

"Mi ò jókòó! Ẹ̀rù wo ló ń mú ọrùn ọmọ le gbagidi?"

Mo tú ìborùn, mo tẹ èépá ọgbẹ́ náà. Ọyún tú jáde.

Wàláà bọ́ lọ́wọ́ Àáfà. "Subhanallahi! Ìyàwó, gbé e!" Òun fúnra rẹ̀ ló sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà, tó ń pe kẹ̀kẹ́ tó gbé wa dé ọsibítù.

Dókítà ní egungun agbárí ti sán, ìdọ̀tí ti gba ibẹ̀ wọlé, kòkòrò àìsàn ti dé ọpọlọ. Òkè nìkan ló jinná. Wọ́n la orí ọmọ mi, wọ́n gba ọyún jáde, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bínú. Alhamdulillahi, kò kú. Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn gba etí rẹ̀ méjèèjì.

Ó ti di ọmọge báyìí. Lọ́jọ́ Sálà tó kọjá, àwọn ọmọ àdúgbò yin báńgà, gbàù! Gbogbo wa dojú bolẹ̀, àti Àáfà tòun ti agbádá. Ràfíátù ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ. Ó wò wá, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá wa wá ohun tó bọ́ sílẹ̀.