Oògùn Tí Sidi Dá Dúró Nítorí Ààwẹ̀

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tójú èmi àti Sidi rí lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ni mò ń ṣe nílùú Ìlọrin, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi tán kó tó máa kà á lọ!

Èmi àti Sidi jọ ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà Ìpata. Ọmọbìnrin ààfáà ni, ó mọ Kùránì ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wá bá wa lọ. Àwa méjèèjì là ń lo oògùn tó ń dènà HIV lójoojúmọ́.

Tí Ràmàdáànì bá ti wọlé, ilé tá a ti ń ṣiṣẹ́ máa ń ti ìlẹ̀kùn. Kò sí kọ́sítọ́mà, kò sí ọtí. Ni Sidi bá ní nígbà tí kò sí iṣẹ́, kí lòun ń gbé oògùn mì fún? Bó ṣe dá a dúró nìyẹn. Èmi gbé tèmi sí àsìkò sààrì, mo ń lò ó lọ. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí! Ó ní ṣé àlùjọ̀nnú ló ń wá bá mi sùn ni?

Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ńkọ́? Ọkùnrin tí Sidi fẹ́ràn nìyẹn, tó ń wa tírélà wá láti òkè Ọya. Nínú ààwẹ̀ náà, ó máa ń wá ṣínu lọ́dọ̀ wa, á sì sùn di ọjọ́ kejì. Wọn kì í lo kọ́ńdọ̀mù. Lójú Sidi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, ìfẹ́ ni.

Ọdún ìtúnu kọjá tán, dírẹ́bà pè é. Ó ní ìyàwó òun lóyún, ibi àyẹ̀wò aláboyún ni wọ́n ti rí HIV lára rẹ̀, wọ́n sì ti rí i lára òun náà. Ó ń sunkún. Ó bẹ Sidi pé kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Ha! Mo fa Sidi wọ kẹ̀kẹ́, a gba kílíníkì lọ. Ó ṣáà ń sọ pé, "Wallahi, mo ti pa ara mi." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ní ó lè jẹ́ pé kò tíì tó àsìkò tó máa hàn, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ará mi, ìdúró yẹn le! Sidi ò lè jẹun, àdúrà rẹ̀ gùn ju ti inú ààwẹ̀ lọ.

Nígbà tá a padà, nọ́ọ̀sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí! Alihamudulilahi! Sidi forí kanlẹ̀ síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gba oògùn rẹ̀ padà, kò sì tíì fi í ṣeré láti ìgbà náà. Dírẹ́bà àti ìyàwó rẹ̀ ń lo tiwọn, ara wọn sì ń le.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju èyí lọ: ọkùnrin tá a fẹ́ràn, ọkùnrin bíi kọ́sítọ́mà ni òun náà, ó lè ní HIV láìmọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ti dá oògùn dúró rí torí ẹ rò pé kò séwu? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Sidi ló ní kí n kọ èyí, ó jókòó tì mí báyìí, ó ń retí yín.