Ẹni Tó Ń Kọ Orúkọ Gbogbo Wọn

Ẹ ti rí iṣẹ́ rẹ̀ rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí orin ń dún, tí orúkọ àwọn èèyàn ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀yin sì dìde lọ bu omi mu, obìnrin yìí ló fi oṣù méjì ṣe ohun tí ẹ kẹ́yìn sí yẹn. Sísí Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọdún méjìlá ló ti ń mú kí lẹ́tà rìn, kí ó jó, kí ó ṣubú, kí ó sì tún dìde. Orúkọ òṣèré ni o, orúkọ ẹni tó gbé àga ni o, òun ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni kì í sí níbẹ̀.

Ó máa ń bínú sí àwọn ọ̀gá nítorí ààyè, àmọ́ kì í sọ ọ́ síta. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ di wàhálà.

Ìyá Dókítà ló ń gbé ní ilé tó dojú kọ ti ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìyá Dókítà yìí ń ṣe dókítà ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyá Dókítà kì í mẹ́nu ba ilẹ̀kùn yẹn. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń sá aṣọ, ó ní, "Orúkọ ọmọ tèmi wà lára pákó, èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Ọmọ tiyín tí ẹ ní ó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, a ò rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀ rí."

Ara ta ìyá Sísí Lẹ́tà. Kí ó tó rò ó dáadáa, ó ti dáhùn pé, "Ẹ wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́. Eré tuntun kan ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú awò ojú yín dání."

Ó wọlé, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Mo ti sọ fún un o. Má dójú tì mí."

"Màmá, wọn kì í kọ orúkọ tiwa."

"Ta ló ń kọ orúkọ náà?"

"Èmi ni."

"Kí ló wá ń dí ẹ lọ́wọ́?" ni ìyá wí, ó sì pa fóònù.

Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni olùdarí eré náà, ọkùnrin kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Kò-Tíì-Tó lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá já oòrùn gan-an lójú ọ̀run fún un, á ní kò tíì tó. Eré náà dá lórí ìdílé àwọn aránṣọ kan, nítorí náà ni Sísí Lẹ́tà ṣe pinnu pé abẹ́rẹ́ ni yóò máa rán orúkọ sára aṣọ. Inú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló ti ń ṣe é. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé kámẹ́rà kọ́ sókè kí ó dojú délẹ̀, ó sì tan iná méjì. Yóò fi ẹ̀mú kékeré sún òwú díẹ̀, yóò ya fọ́tò, yóò tún sún un, yóò tún yà á. Fọ́tò méjìlá ló ń di ìṣẹ́jú àáyá kan, ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá sì ni wọ́n fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ìjókòó lásán ló ń jókòó.

Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà ni yóò fi gbé orúkọ kọ̀ọ̀kan lé orí òwú náà. Àmọ́ àwọn tó ni eré kì í tètè fi orúkọ ránṣẹ́, nítorí wọ́n á ṣì máa jà lórí ta ni kó ṣíwájú ta ni. Kí iṣẹ́ má baà dúró, àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ a máa fi orúkọ kórúkọ dí ààyè títí orúkọ gidi á fi dé. Àwọn mìíràn ń kọ Lágbájá. Irú yẹn ti tutù jù fún Sísí Lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń sọ lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló fi ṣe olú òṣèré: Bùrọ̀dá Mo-Ń-Bọ̀. Bàbá rẹ̀ tó máa ń hanrun títí fèrèsé á fi mì, òun ló fi ṣe aṣètò ohùn: Bàbá Oorun. Ìyá Dókítà, tí òórùn pọ́dà rẹ̀ máa ń dé kí òun alára tó dé, di aṣojúlóge. Nígbà tó kan olùdarí, ó kọ Màmá, gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì fi odidi ìṣẹ́jú kan rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ gidi dé, Kò-Tíì-Tó sì bá a wá. Sísí Lẹ́tà bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ààyè díẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

"Ààyè wo?" ni ọ̀gá bi í. "Orúkọ tèmi gan-an ò tíì tó."

Kò bá a jiyàn. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó tún orúkọ ọ̀gá ṣe, ó tóbi, ó sì rẹwà. Ó wá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn birimù ní kété tí orúkọ náà tán.

Kò-Tíì-Tó fa ojú ro. "Orúkọ mi dà bí ẹni tó já sí kòtò."

"Èmi náà rí i, sà. Ó ń fẹ́ nǹkan kékeré kan lẹ́yìn tó máa gbà á mọ́ra."

"Bíi kí ni?"

"Orúkọ kékeré kan, sà. Orúkọ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kó má baà gba iyì mọ́ yín lọ́wọ́."

"Orúkọ ta nìyẹn?"

Sísí Lẹ́tà wo òkè àjà, ó ń ká òwú sí ìka bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan.

"Fi tìẹ sí i jàre," ni ọ̀gá wí. Inú rẹ̀ dùn bíi pé òun ló ronú kàn án.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbí, kí a sì bá a yọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn oníṣẹ́ yìí ṣe ń fún iṣẹ́ wọn lórúkọ nínú kọ̀ǹpútà. Sísí Lẹ́tà ní Ìkẹyìn, ó ní Ìkẹyìn Gidi, ó ní Ìkẹyìn Pátápátá, èyí tó bá ọ̀gá parí ni Ìkẹyìn Mo Búra. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ń pè é léraléra. Pẹ̀lú ayọ̀ tó ń gùn ún, ó tẹ Ìkẹyìn Pátápátá, ó fi ránṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ilé lọ. Ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún wò ó bóyá àwòrán mọ́, bóyá ohùn dún. Ti orúkọ kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, aago méje kò tíì lù tí Ìyá Dókítà fi dé, pọ́dà rẹ̀ ti ṣíwájú. Wọ́n fún un ní àga tó dára jù. Bàbá ti sùn lọ. Bùrọ̀dá ti pè pé òun ń bọ̀. Sísí Lẹ́tà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìparí pátápátá ni tèmi wà. Ẹ má ṣẹ́jú."

Orin bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yọ, ó wọ inú aṣọ, ó sì rán orúkọ àkọ́kọ́: Bùrọ̀dá Mo-Ń-Bọ̀.

Sísí Lẹ́tà fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wá rìmóòtù kiri, abẹ́ itan bàbá rẹ̀ ló wà. Kí ó tó fà á yọ, Bàbá Oorun ti kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ni orúkọ náà kò sì jí. Lẹ́yìn náà ni aṣojúlóge dé: Ìyá Dókítà.

Ìyá Dókítà dìde dúró. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Èmi nìyẹn," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ mi síbì kankan rí." Kò rántí ilẹ̀kùn kankan mọ́.

Orúkọ olùdarí ló kẹ́yìn: Màmá, ó gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Eré bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ dà?"

"Màmá, èyí tí mo fi ṣeré ni wọ́n gbé jáde. Tèmi wà nínú èkejì, èyí tí ọ̀gá fọwọ́ sí."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ èyí náà ni?"

"Èmi ni."

"Ọ̀gá wo ló dí ẹ lọ́wọ́ nínú rẹ̀?"

Ọdún méjìlá ni Sísí Lẹ́tà ti ń bínú sí àwọn ọ̀gá nítorí ààyè. Ìgbà tí ààyè wá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tó lè kọ ẹni tó bá wù ú, ó rántí ará ilé, ó rántí ará òdìkejì òpópónà, kò wá sí i lọ́kàn pé òun náà wà láyé. Ìtìjú bò ó, ó sì dùn ún ju bí ó ṣe rò lọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn Kò-Tíì-Tó le débi pé gbogbo yàrá gbọ́ ọ. "Ta ló ń jẹ́ Màmá tó gba ipò mi?"

Ìyá rẹ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni. Ẹ káalẹ́ o."

"Ẹ káalẹ́, mà," ni ohùn náà wí, ó ti rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ṣé ẹ máa tún un gbé jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a máa gbé èyí tó yẹ jáde."

"Ó dáa. Ẹnì kan wà tí kò sí nínú ti òní, ẹ rí i pé ó wà nínú ti ọ̀la. Ẹ mú bírò."

Sísí Lẹ́tà na ọwọ́ pé kó dá fóònù padà. Ìyá rẹ̀ kẹ́yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ọ̀gá létí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣì í kọ.