Barnabas Erinmi, Ọ̀gá Oníjàkadì Topo

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Barnabas Erinmi ní Mowo, ọ̀rọ̀ fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún 1984 ni, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà. Barnabas tò, ó ń dúró de ọkọ̀. Dosu, bíríkìlà tó ń kọ́ṣẹ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Sójà kan wá dúró tì wọ́n pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́.

"Ìwọ yìí, kí ló dé tó o gba àyè ẹni mẹ́ta?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá sójà," Barnabas dáhùn. "Ibi tí ara mi mọ nìyẹn."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Sójà gbé kòbókò sókè, ó là á mọ́ Barnabas léjìká, ó ní kó bọ́ sójú títì, kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ́nà igba. Barnabas bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún Dosu. Ó wá kọjú sí sójà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á sókè, kí n má baà rẹ́ yín jẹ." Sójà ń kà, Barnabas ń fò. Nígbà tó máa fi di ọgọ́fà, ohùn sójà ti há. Nígbà tó pé igba, òógùn ti bo àwọn méjèèjì. Barnabas nàró, ó tẹríba bí ẹni ń kí olùkọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Aago mélòó ni ká padà wá lọ́la?"

Ohun tí àwọn ará Mowo kò mọ̀, Dosu mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni orúnkún Barnabas kò fi ká. Dosu ló ń gbá a mú tó bá fẹ́ jókòó, òun náà ló ń fà á dìde. "O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni," Barnabas kìlọ̀ fún un. "Tó o bá sọ ọ́, mo máa ní irọ́ lò ń pa. Èmi ni wọ́n sì máa gbà gbọ́, torí èmi ni mo tóbi jù."

Iṣẹ́ ìjàkadì ni Barnabas fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń jà lórí pèpéle olókùn, tí èrò ń sanwó wò. Ó jà l'Ékòó, ó jà n'Íbàdàn, ó jà dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n kò sí pátákó kankan tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn gbajúmọ̀ ló ni lẹ́tà ńlá. Òun ni wọ́n máa ń mú wá kí àwọn gbajúmọ̀ lè rí ẹni gbé ṣánlẹ̀. Ojú kò tì í rárá. Á gbé àyà síwájú, á ní, "Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n gbé mi ṣánlẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n tún rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣubú bíi tèmi."

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá a dúró pẹ̀lú ogójì ènìyàn mìíràn, ó padà sí Topo, ìlú bàbá rẹ̀ lódìkejì ọ̀sà. Ó ri òpó mẹ́rin mọ́ iyanrìn lábẹ́ igi àgbọn, ó fi okùn àwọ̀n yí wọn ká, ó kó èèpo àgbọn sábẹ́ tápólì kí ilẹ̀ lè rọ̀, ó ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ti dé. Mẹ́fà ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn géńdé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dosu alára kò rí búlọ́ọ̀kù tò mọ́, torí ìjọba ti pa ilé kíkọ́ tì. Oṣù mẹ́jọ ni Barnabas fi kọ́ wọn ní ìṣubú nìkan.

"Ọ̀gá," Dosu béèrè lọ́jọ́ kan, iyanrìn kún etí rẹ̀, "ìgbà wo lẹ máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀?"

"Nínú ọdún tá a wà yìí? Ta lo fẹ́ gbé ṣánlẹ̀, Dosu? Padà sókè, kó o tún ṣubú."

Lọ́dún 1984 yẹn kan náà ni Barnabas polongo ìjà ńlá ní gbọ̀ngàn kan l'Ágbádárìgì. Ó ní oníjàkadì kan tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún Dàkáà ń bọ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà wá bá Dosu jà. Ìjọba ti ti ẹnubodè pa, Kìnnìún há sódìkejì. Barnabas bá gé aṣọ ojú fèrèsé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ rán an ní ìbojú fún òun. Olùkọ́ iléèwé ni Agatha, kò fẹ́ràn màgòmágó.

"Bàbá Fèyí, ẹ̀tàn lèyí o."

"Ìyá Fèyí, àwọn ènìyàn yìí ò rí mílíìkì, wọn ò rí ọṣẹ, wọn ò rí ṣúgà. Ṣé kí wọ́n má tún rí kìnnìún ni?"

Agatha rán an.

Lọ́sàn-án Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n kéde pé Kìnnìún kò gbọ́ èdè kankan bí kò ṣe Faransé. Ìjà gbóná. Dosu yọ́ gba ẹ̀yìn kó lè gbá a mú. Agatha tó wà níwájú gbàgbé ara rẹ̀, ó fi èdè Ègùn kígbe pé, "Bàbá Fèyí, ẹ wẹ̀yìn o!" Kìnnìún Dàkáà yíjú sí i, ó fi Ègùn tó dán mọ́rán dá a lóhùn: "Ìyá Fèyí, mo ti rí i!"

Odidi ọdún yẹn, Dosu kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan wólẹ̀ láàárín àga. Obìnrin kan rín in títí tó fi di ẹkún, kò sì lè dá ẹkún náà dúró, torí ọmọ rẹ̀ wà látìmọ́lé. Barnabas ṣí ìbojú, ó lọ jókòó tì í.

Ọdún kejì ni ara Barnabas bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú wú, ẹsẹ̀ wú, ìtọ̀ di ogun. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá ọ̀sà, Dosu sì pọ̀n ọ́n láti etí omi dé ọsibítù. Barnabas ń mí gúlegúle sí i létí.

"Tẹ orúnkún rẹ. Má fi ẹ̀yìn gbé mi. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ gan-an?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, Láyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kò lè wo ojú wọn. "Bàbá, oògùn ò sí. Abẹ́rẹ́ ò sí. Bẹ́ẹ̀dì nìkan la ní."

"Ẹ ṣeun," Barnabas dá a lóhùn. "Dídùbúlẹ̀ ò ṣòro fún mi."

Dosu wá oògùn náà kiri Àgbádárìgì, ó dé Mowo, ó dé Kankon. Gbogbo ibi tó dé, orí ni wọ́n ń mì sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tó padà dé lọ́wọ́ òfo, wọ́n ti fa aṣọ bo bẹ́ẹ̀dì náà. Nọ́ọ̀sì Láyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ mọ́ra.

"Ó béèrè yín," ó ní. "Ó ní tẹ́ ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹun."

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbé e padà sí Topo. Wọ́n dé etí sàréè, Agatha bá na ọwọ́ dá wọn dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Gbogbo ẹni tó gbé ọkọ mi rí, ṣe ló sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ rọra."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ràn ká, àwọn tó di okùn mú ń gbọ̀n. Wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi balẹ̀, láìdún gbì.

Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí iyanrìn. Ẹni yìí sọ ti ọ̀gá, ẹni yẹn já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Agatha bu oúnjẹ fún Dosu, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé wọn kọjá ọ̀sà wá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pé oòrùn ti ń wọ̀, òun ń padà lọ. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó ṣe, òun náà so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó wá jókòó láàárín wọn, ó ní kí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.