N Ò Ní Wọ Yàrá Ẹ̀yìn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ wa, yàrá ẹ̀yìn ni mo ti bá àga mi. Wọ́n ti gbé e kúrò lójú fèrèsé tí mo ti máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn lóhùn, wọ́n sì gbé e sáàárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tí fáìlì àtijọ́ kún inú wọn bámúbámú. Ooru mú níbẹ̀. Fáànù kan ṣoṣo tó wà lókè ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ọ̀gá mi wá bá mi níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ káàbọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A rò ó pé kí ẹ máa sinmi níbí. Wàhálà iwájú yẹn á pọ̀ jù fún yín."

"Ṣé dókítà ló kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí yín, sà?"

Ó wolẹ̀. "Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó wà lójú fèrèsé ni àlejò máa kọ́kọ́ rí."

Kò bú mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ tí mo lè fi pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Ojú mi ni wọn ò fẹ́ kí àlejò rí.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú náà ṣe dà bẹ́ẹ̀.

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí etí omi Àgbádárìgì, ọkọ ló sì dá mi dúró síbẹ̀. Ọmọ Ìwòrò ni ọkọ mi, ilé wa kò sì jìnnà sí oríta Mówò. Ìgbà tí mo ń wẹ̀ ni mo fọwọ́ kan kókó kékeré kan lọ́mú òsì mi. Nígbà tí ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n mú nǹkan díẹ̀ kúrò lábíyá mi, wọ́n fún mi ní kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sínú iṣan, lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi sábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán. N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ẹni tó ti gba kímò rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á rí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ ni ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Dókítà ní àwọn kò rí jẹjẹrẹ mọ́, pé kí n máa lọ ilé, kí n máa padà wá fún àyẹ̀wò. Gbogbo ilé ń dúpẹ́, èmi sì dúró síwájú dígí, mò ń wá ara mi. Orí mi dán. Irun tó wà lókè ojú mi ti lọ, ojú náà wá dà bí ògiri tí wọn kò tíì kùn. Èékánná mi dúdú bí ẹni tó fọwọ́ ru eèdú. Láti ọrùn títí dé abíyá òsì, awọ mi ti ṣú, ó dà bí ibi tí ẹnìkan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sí lára aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ tún mi ṣe. Ìwòrò ló ń gbé, ó sì ń ta aṣọ tó ń kó wá láti Kútọnu. Ó gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi, ó tún gbé ọ̀rá dúdú kan wá. Wíìgì tó gùn dé ìdí wà nínú rẹ̀, àti ìpara kan tí wọ́n fi Faransé kọ nǹkan sí lára.

Ó ní, "Ìyàwó wa, máa fi èyí para láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo dúdú yẹn á ká kúrò. Wíìgì yìí, kí onídìrí fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ lórí dáadáa, kí atẹ́gùn má baà tú àṣírí wa."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì."

"Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ẹwà? Àwọn èèyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ. Mo sọ fún wọn pé ibà ló ṣe ọ́."

Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo ohun tí ojú mi rí yẹn, ibà ló pè é.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò mi pé, mo gbé ìpara náà lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó sanra, tí awò ojú rẹ̀ máa ń sọ̀ sórí imú. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, kò rí i.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí kan ara yín. Awọ tí ẹ̀rọ ti jó kò tíì gbádùn. Ìpara abóra lè sọ ọ́ di egbò, òmíràn sì wà tó ń ba kídìnrín jẹ́. Dúdú yẹn á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má ṣí tán o. N ò ní purọ́ fún yín."

"Irun ojú mi ńkọ́? Tàbí mi ò gbọdọ̀ bi yín ní irú ìyẹn?"

"Ṣé ojú kì í ṣe ara ara ni?"

Ó ní kí n jókòó. Ó ní kò sóhun tó burú nínú wíìgì, àfi gọ́ọ̀mù. Kí n fi fìlà òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí n sì máa bọ́ ọ nílé kí orí lè gba atẹ́gùn. Irun tó bá ń hù, n ò gbọdọ̀ fi rilásà tàbí àwọ̀ kàn án títí wọ́n á fi ní ó ti lágbára. Ọṣẹ tí kò lóòórùn ni kí n fi wẹ àyà mi, kí n sì bò ó fún oòrùn. Ó wá di apá òsì mi mú. Ó ní nítorí ohun tí wọ́n mú lábíyá, n ò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbà tó fún há a mọ́, n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe èékánná gé awọ ìka rẹ̀, n ò sì gbọdọ̀ fi gbé ẹrù wúwo. Bó bá wú tàbí tó pọ́n, kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fi ìpara yẹn sí.

Mo gbé wíìgì lọ bá onídìrí mi ní Mówò. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ẹgbẹ́ mi ni, òun ló ti ń dirun fún mi láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà. Ó na wíìgì náà sókè, ó wò ó.

"Nọvi ṣié," bó ṣe máa ń pe àwọn tó bá kà sí ọmọ ìyá nìyẹn, "ibi iṣẹ́ lo fẹ́ wọ èyí lọ àbí o fẹ́ di màmíwọtà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín dénú láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó gé e kù dé èjìká, ó rán rọ́bà sínú rẹ̀ dípò gọ́ọ̀mù. Ó ra pẹ́ńsùlù ojú tuntun, ó ní n ò gbọdọ̀ lo èyí tí gbogbo oníbàárà ń lò, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa yà á. Èyí tí mo kọ́kọ́ dá yà nílé, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Kí ló yà ọ́ lẹ́nu?"

Ọmú ńkọ́? Mo rán àpò sínú kọ́mú mi, mo ki òwú sí i. Kò wúwo tó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo na ọwọ́ sókè láti yin Ọlọ́run, ó gòkè tẹ̀ lé ọwọ́ mi títí dé abẹ́ ọrùn. Obìnrin tó jókòó tì mí rí i. Mo fọwọ́ tì í padà sílé rẹ̀, mo sì ń bá orin mi lọ.

Gbogbo ìmúra yìí ni mo fi padà sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo ń sọ. Mo wọ wíìgì, mo ya ojú, ọmú mi jókòó síbi tó yẹ, síbẹ̀ wọ́n ti gbé àga mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo jókòó síbẹ̀, òógùn ń ṣàn lábẹ́ wíìgì. Mo wá rò ó pé: tí ohun tí mo ṣe yìí kò bá tó wọn, ta ni mò ń ṣe é fún? Mo bọ́ wíìgì, mo ká a sínú báàgì. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún wọ́ àga náà jáde. Ariwo rẹ̀ lórí táìlì mú kí gbogbo ọ́fíìsì gbórí sókè.

Ọ̀gá mi jáde. "Màdáàmù, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń padà síbi iṣẹ́ mi, sà. Bí dókítà bá kọ̀wé pé kí n má jókòó síbẹ̀, n ó dìde. Bó bá jẹ́ ojú mi ni, òun náà ni n ó máa gbé wá lọ́la."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì padà wọlé.

Ó rọrùn láti sọ báyìí, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti jókòó síbẹ̀. Bàbá kan bá ògiri sọ̀rọ̀ dípò èmi. Obìnrin kan rò pé opó ni mí tí mo fá irun. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Mo ní, "Ọkọ mi wà láàyè. Jẹjẹrẹ ló ṣe mí, wọ́n sì ti tọ́jú mi." Ó wá béèrè ohun tó bá wá. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ padà nìyẹn.

Ìròyìn náà dé Ìwòrò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò wá bá mi jà, kò tilẹ̀ wá sílé wa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé fẹ́ lọ kí àbúrò bàbá ọkọ mi, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní erékùṣù Gberefu, inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni a jọ wọ̀. Mo dé akẹ̀tẹ̀ fífẹ̀ nítorí oòrùn, mo sì fi aṣọ òwú bo àyà. Nígbà tí a dé abẹ́ àgbọn tí àwọn obìnrin jókòó sí, mo ṣí akẹ̀tẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ibà yẹn ló..."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ibà. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ẹ̀yin ìyá mi. Wọ́n gé e."

Ìyá àgbà náà dìde, ó fọwọ́ pè mí wọ inú ilé, àwọn obìnrin tẹ̀ lé wa. Ó ní, "Jẹ́ kí n rí i." Mo tú bọ́tìnnì aṣọ mi. Ó fi ìka gbígbẹ tẹ̀ lé ojú àpá náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Ó ní, "Ó ti jinná. Irú rẹ̀ ló ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọkọ rẹ. Tirẹ̀ kò jinná. Aṣọ la fi wé e, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i títí ó fi lọ."

Ibà ni wọ́n ti máa ń sọ fún mi pé ó pa ìyá ọkọ mi. Mo wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti jáde. Etí omi ni mo ti bá a, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ṣé ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo ń fọ aṣọ yẹn," ó ní. "Ọmọdébìnrin ni mí. Wọ́n ní tí mo bá sọ, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti yẹ tiyín wò rí?"

"N ò fẹ́ mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Mo ní n ò fẹ́ mọ̀."

A jọ wọ ọkọ̀ padà. N ò bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lẹ́nu mi: nígbàkigbà tó bá wá sílé wa, mo máa ń béèrè, ó sì máa ń bínú. Nígbà tí ó yá, ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò mi, ó ti wọ bàtà jíjáde, ó ní òun kàn fẹ́ sìn mí ni. Nọ́ọ̀sì náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Wọn kò rí ohun búburú kankan, ṣùgbọ́n nítorí ohun tó ṣe ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó máa wá déédéé. Ó ń lọ. Ó máa ń kùn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Irun mi ti hù. Ó jáde ní lílọ́, funfun pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì ń gé e mọ́lẹ̀ nítorí ó wù mí bẹ́ẹ̀. Dúdú ọrùn mi kò ṣí tán, èmi náà kò sì fi kọ́là bò ó mọ́ nínú ilé. Wíìgì ṣì wà. Ọjọ́ tó bá wù mí ni mo máa ń dé e. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì ń sọ pé irun mi ti kéré jù fún ìyàwó ilé wọn. Mo máa ń sọ fún un pé irun mi ni.