Pèpéle tí Màmá Fi Gìgísẹ̀ Dán Wò

Mo rántí ìgbà tí ẹrẹ̀ pupa Oregbeni, ní ìlú Bìní, máa ń bá wa wọ inú yàrá. Ilé tí mo kọ́ síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, wà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà odò Ikpoba, bí òjò bá sì ti rọ̀, gbogbo omi òkè ibẹ̀ a gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Ilé náà lórùlé, ó ní fèrèsé onígíláàsì tí mo máa ń dúró wò láti ojú títì, ṣùgbọ́n kò ní pèpéle. Bí èèyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ jáde, inú ẹrẹ̀ ló bọ́ sí. Àwa tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ń fò ó bí ọ̀pọ̀lọ́, a sì ń fi ara wa rẹ́rìn-ín.

Màmá mi kò lè fò. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá kí wa láti Iléṣà, ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé, orúnkún rẹ̀ wú, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ibùsùn. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ilé rẹ dára, ọkọ mi. Àmọ́ kò síbi tí àgbà lè fẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀." Òun nìkan ló ń gbé ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé aládùúgbò kan bá a níbi tó dákú sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo pinnu pé sọ́dọ̀ mi ni yóò máa gbé, mo sì mọ̀ pé kò ní í gbà àfi bí mo bá ṣe pèpéle yí ilé náà ká.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé mo mọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi kò kan ṣọ́bìrì rí. Bíríkìlà tí mo gbà jẹ́ ọmọ Bìní tó ń gbé ní Ikpoba Hill, ẹni tó ti hewú sídìí iṣẹ́ náà. Ó to búlọ́ọ̀kù yí ilé ká, ó da yẹ̀pẹ̀ kún àárín rẹ̀, ó wá ní ká máa bu omi sí i, ká máa lù ú, ká fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí a tó da kọnkéré lé e.

"Oga, this sand never siddon," ló wí. "If we rush am, e go disgrace us."

Mo ní kò sí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti kọ̀wé sí Màmá pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kó bá pèpéle tó ń dán. Mo tilẹ̀ mú ìwé kan wá láti ọ́fíìsì, mo ka bí a ṣe ń po kọnkéré fún ọkùnrin náà, bí ìgbà tí pásítọ̀ bá ń ka Bíbélì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Ó wò mí, ó wo ìwé náà, ó sì mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún akọ̀wé tó so táì mọ́rùn? Ọjọ́ kejì la da kọnkéré.

Kí n má purọ́, ó rẹwà. Màmá dé lọ́jọ́ Sátidé náà pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo, àpò ìdọ̀họ tó fi okùn gígùn dì yíká-yíká. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo dìde, mo nawọ́ sí pèpéle mi bí ẹni tó fẹ́ gba oyè. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí rẹ̀, ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó fi lù ú níbi mẹ́ta, ó sì tẹ́tí.

"Ilẹ̀ yìí ò tíì sùn, ọkọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, kọnkéré nìyẹn. Kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé bàbá wa."

Ó ní ó dáa. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò rẹ̀ sórí àpótí, kò sì tú u. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Bí Màmá bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, á tú okùn náà, á fa ìró kan yọ, á tún dì í padà. "Ẹni tó wá gbé kì í di ẹrù," ni ìyàwó mi wí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lọ́kàn, àmọ́ mo gbà pé bó bá gbádùn pèpéle mi fún ìgbà díẹ̀, yóò tú u.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pé. Omi wá ọ̀nà gba abẹ́ pèpéle, yẹ̀pẹ̀ rì, nígbà tó sì máa fi di àárọ̀, kọnkéré ti là láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé abẹ́ fèrèsé Màmá. Apá tó tóbi jù dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ọ̀dọ̀ ilé, omi sì gba orí rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀. Mo dúró nínú ẹrẹ̀, táì ń fì lọ́rùn mi, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, mi ò lè wọlé. Ọmọbìnrin mi, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi fèsì, ló wá bá mi níbẹ̀.

"Daddy, Grandma dey ask which day motor dey go Ilesha."

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ bẹ bíríkìlà ní Ikpoba Hill. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oga, no vex yourself. We go break am." Ó mú òòlù wá lọ́jọ́ kejì, ó fọ́ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe ń fọ́ ọ ni Màmá jáde wá. Màmá kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ ti Màmá, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fi gìgísẹ̀ lu yẹ̀pẹ̀ níbì kan, Màmá mirí pé ibẹ̀ kò tíì le. Ó sún síwájú, ó tún lù ú, Màmá gbà. Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "This Iye sabi work pass you." Iye ni àwọn ará Bìní ń pe ìyá.

Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é nílé?" Ó ní nígbà tí òun wà ní ìyàwó tuntun, obìnrin ló ń lu ilẹ̀ gbogbo ilé tí wọ́n bá kọ́. Wọn a bu omi sí i, wọn a fi igi pẹlẹbẹ lù ú lójoojúmọ́, títí tí gìgísẹ̀ yóò fi gbọ́ ohùn kan náà níbi gbogbo. Ó ní ẹnì kan kì í dá a lù.

Bí àwọn obìnrin ìjọ wa, àwa Yorùbá tí a ń pàdé láti gbàdúrà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Ọ̀kan ń tajà ní Ikpoba Hill, òmíràn ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó wa mọ́tò wá láti GRA, ó sì ró ìró lé gáùn iṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà gé pákó pẹlẹbẹ fún wọn. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń dá orin, wọ́n ń gbè é, igi ń dún papọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Bìní tó múlé tì wá náà fi gbé pákó, wọ́n sì ti ń gbe orin náà kí wọ́n tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi ni mò ń pọn omi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọkàn mi kò balẹ̀. Màmá ti ní òun yóò dúró kí iṣẹ́ parí ná. Àpò rẹ̀ ṣì wà ní dídì, bí ilẹ̀ náà sì ṣe ń le sí i ni ọjọ́ tí yóò lọ ń sún mọ́ tòsí.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ da kọnkéré, bíríkìlà wá okùn tó fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ tì, kí omi lè máa ṣàn kúrò lára ilé. Òòlù ti já tirẹ̀ nígbà tó ń fọ́ ti àkọ́kọ́. Ó fẹ́ rán mi lọ ra òmíràn. Màmá wò wá, ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú okùn àpò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ fi èyí ta á," ló wí. "Mi ò lò ó mọ́."

Mo gba okùn náà. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún bíríkìlà pé yanrìn ló kó sí i. Nígbà tí mo wọ yàrá Màmá, àpò ìdọ̀họ náà ti ṣófo, àwọn ìró rẹ̀ sì ti wà lórí ìkọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá wa gbé. Orí pèpéle yẹn ló ti ń jókòó nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi ti kọ́ láti máa fi Yorùbá dá a lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò fi mí ṣẹ̀sín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó fi ìrọ̀lẹ́ wọn lu ilẹ̀ ilé onílé, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá lónìí tí kò gbọ́ mi mọ́. Òjò ti rọ̀ lé pèpéle náà láìníye, kò là.

Nígbà tí a ń fa okùn náà yọ lọ́jọ́ yẹn, orí rẹ̀ kan há sínú kọnkéré ní igun ilé, ó sì já síbẹ̀. Ó ṣì yọ síta, kò ju ìka lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò gé e kúrò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Okùn tí ìyá mi ì bá fi di ẹrù lọ ni.